Pàṣán Orí Àjà: Ṣé Ẹni Tí Ó Ń Gbèjà Opó Gbọ́dọ̀ Gba Gbogbo Ìjà Jà?

Ìbéèrè: Arábìnrin kan láti Òmù-Àrán kọ̀wé pé òun àti àwọn obìnrin bíi ogún dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa gbèjà àwọn opó tí ẹbí ọkọ ń gba ṣọ́ọ̀bù àti ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ìpàdé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nípa ti àwọn akanda ẹ̀dá. Àwọn kan dá a lóhùn pé ti opó nìkan ni àwọn gbé dání. Ó ní, "Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó." Arábìnrin wa fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ti gbé ìjà ẹ̀tọ́ kan gbọ́dọ̀ gbé gbogbo rẹ̀.

Ìdáhùn: Kí á tó wo ìpàdé yín, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wọ inú ilé tí òwe náà ti jáde. Nínú ilé alámọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, òkè ààrò ni àjà máa ń wà, èéfín a sì ti sọ igi rẹ̀ di dúdú bíi kóró iṣin. Ibẹ̀ ni ìyá mi àgbà máa ń so àgbàdo tí yóò fi ṣe irúgbìn rọ̀ sí, nítorí pé kòkòrò kì í fẹ́ràn èéfín. A kì í kó ohun tí a ti lò tán sórí àjà. Ààtàn ni a ń da ìyẹn sí. Nígbà tí òwe bá wá sọ pé orí àjà ni pàṣán wà, ohun tí ó ń sọ ni pé baálé tí ó fi na ìyálé kò jù ú nù, ó tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú irúgbìn, nítorí pé ó ṣì ní èrò láti lò ó.

Ìyálé ni ó sábà máa ń pa òwe náà, ìyàwó tí ó ń yọ̀ ọ́ ni ó sì máa ń pa á fún. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ pé kí ìyàwó gbé ọmọrogùn kí ó wá bá òun jà. Ohun tí ó ń sọ ni pé kò yẹ kí ó rẹ́rìn-ín, kò yẹ kí ó bá baálé gbé pàṣán sọ̀ kalẹ̀, kò sì yẹ kí ó wo àpá tí ó wà lẹ́yìn òun tán kí ó ní òun kò rí nǹkan kan. Lójú tèmi, òwe yìí de ojú àti ẹnu wa ju bí ó ti de ọwọ́ wa lọ. Ìyẹn ni pé ó sọ irú ẹjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dá nígbà tí a bá rí ìyà. Kò sọ iye oko tí a gbọ́dọ̀ ro.

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Bí ọkùnrin mẹ́fà bá jọ ń ṣe àáró, tí wọ́n kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, ẹni náà kò gbọdọ̀ sá ní ọjọ́ tí ó bá kan ẹlòmíràn, nítorí gbèsè ni ó jẹ. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún a bẹ àna, ọ̀rẹ́ àti ará, a sì fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò, kò sì sí ẹni tí yóò wá ka ebè kí ó tó gba tirẹ̀ padà. Nínú méjèèjì, a kò rí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹnì kan ro oko gbogbo ìlú. Síbẹ̀, bí iná bá ń jó oko ẹni tí kò sí nínú àáró yín, ẹ kò lè kọjá lọ kí ẹ ní kò kàn yín, ẹ kò sì gbọdọ̀ ti iná oko yín sí tirẹ̀. Ẹgbẹ́ opó yín, àáró ni. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé ó ní iye àwọn tí ó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá jinlẹ̀ ni ìdí tí ẹ fi ń gbèjà opó. Bí ẹ bá dúró níwájú ẹbí ọkọ, tí ẹ ní, "Ẹ dá ilẹ̀ rẹ̀ padà fún un, ọmọ ilé wa ni," ìdí yẹn kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, "Ẹ dá a padà fún un, nítorí ènìyàn ni, kò sì yẹ kí a rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nítorí pé kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀," ìdí yẹn ti kúrò ní ìkáwọ́ yín. Ó ti kan arọ, ó ti kan ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń nà nílé olówó, ó ti kan àjèjì tí wọ́n ń fi ẹ̀yà rẹ̀ bú lọ́jà. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú "Bí a ṣe bí ẹrú ni a bí ọmọ." Ẹni tí ó bá pa òwe yẹn nítorí opó, tí ó wá gbé e mì nígbà tí ó kan arọ, òwe náà ni ó ń purọ́ mọ́.

Ìtàn tiwa náà kọ́ mi ní èyí. Láàárín àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ń pè ní Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ bá Action Group ti Awólọ́wọ̀ ṣe pọ̀ láti gba ẹnu mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀. Ìjà rere ni, orúkọ rẹ̀ sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ìlọrin àti Òffà wà nígbà náà, obìnrin kò sì lè dìbò níbẹ̀. Ní ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1959, obìnrin dìbò ní Òṣogbo nítorí pé ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni. Ìyá tí ó ń tajà ní Òffà, lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kan náà, kò lè dì í. Ó di ọdún 1976 kí obìnrin Àríwá tó ní ẹ̀tọ́ náà. Àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ kọ́ ni ó ṣe òfin, n kò sì bú wọn. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ọ̀rọ̀ tálákà lè kún ẹnu bẹ́ẹ̀, kí ìdajì àwọn tálákà má sì sí nínú àpótí ìbò.

Ní Amẹ́ríkà, Frederick Douglass, tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní Seneca Falls ní ọdún 1848, ó sì gbè wọ́n lẹ́yìn pé kí wọ́n máa dìbò. Nígbà tí ó wá di pé wọ́n fẹ́ ṣe àtúnṣe òfin tí yóò fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní ìbò láìfún obìnrin, èyí tí ó di òfin ní ọdún 1870, Elizabeth Cady Stanton àti Susan B. Anthony, tí wọ́n jẹ́ aṣáájú nínú ìjà ìbò obìnrin, ta kò ó. Douglass ní ti àwọn dúdú ni ó kánjú jù, ó sì gbájú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé obìnrin kò yẹ ní ẹni tí ń dìbò. Ní ọjọ́ tí ó kú ní ọdún 1895, ìpàdé àwọn obìnrin ni ó ti ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ẹjọ́ tí ó dá kò yí padà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín yóò ní, "A kì í ru ẹran erin lórí kí á máa fi ẹsẹ̀ wa ihò ìrẹ̀." Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ń sọ ni pé agbára yín kéré, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó wo ìyà arákùnrin yẹn tí ó pè é ní ìrẹ̀?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ sí ìpàdé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní gbọ̀ngàn kan ní Ìlọrin. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbọ̀ngàn náà wà. Arákùnrin kan wà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wa láti ojú fèrèsé. Èmi náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó," mo sì gòkè lọ. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Òfin tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 nípa àwọn akanda ẹ̀dá fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, arábìnrin wa, ẹ kò ní láti yí orúkọ ẹgbẹ́ padà, ẹ kò sì ní láti fi ti opó sílẹ̀. Ẹ má tún sọ pé ti arọ kò kàn yín. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ lè jẹ́rìí sí ohun tí ẹ rí. Ẹ bá mi bi ara yín pẹ̀lú bóyá kò sí opó kankan ní Òmù-Àrán tí ó jẹ́ arọ, tí kò lè wá sí ìpàdé yín láti ọjọ́ tí ẹ ti ń ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mọ ilé rẹ̀.