Ọmọ iṣẹ́ tó mọ Python àmọ́ tí ò lè dá nǹkan kan kọ

Ẹ̀gbọ́n tó ní ọmọ iṣẹ́ àwọn mọ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó mọ gbogbo loop (àṣẹ tó ń tún ara ẹ̀ ṣe) àti function (àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ), àmọ́ tí wọ́n bá ní kó dá nǹkan kọ á kàn máa ranjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má tíì lé e o. Èmi náà jìyà ẹ̀. Níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ̀gbẹ́ yunifásítì LAUTECH ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, odidi ọdún méjì ni mo fi ń kọ code, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, sójú bọ́ọ̀dù táwọn ọmọ ń dà á kọ, gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mo rò pé mò ń ṣe bẹbẹ ni.

Ìgbà tí mo ní kí wọ́n kọ ìṣirò alájọ lojú mi là. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, èèyàn ń dá 500 náírà lójúmọ́, tóṣù bá parí alájọ á yọ owó ọjọ́ kan. Ọmọ kan fi input (àṣẹ tó ń gba ohun téèyàn bá tẹ̀) gba owó, ó ní kó jẹ́ ìlọ́po 30, ni 500500500 bá tò lọ gbọọrọ. Ó ní "Bùọ̀dá, ó ti ya wèrè o!" Kò ya nǹkan kan, ohun tí input bá gbà, ọ̀rọ̀ lásán ni Python ń kà á sí àfi téèyàn bá fi int sọ ọ́ di nọ́ńbà, òun náà wá kọ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà ọgbọ̀n bí wọ́n ṣe rán an.

Ìyẹn ṣì dáa. Ẹlòmíì, tiẹ̀ ṣiṣẹ́, àmọ́ 14,500 ló ń fún gbogbo ayé. Mo ní ìyá tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 18 ńkọ́, tó tún pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ torí òjò? Kẹ́kẹ́ pa.

Bí mo ṣe gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn nìyẹn, ó di bíírò àti ìwé (NEPA náà ò sì lè dí wa lọ́wọ́ mọ́). Mo rán wọn lọ bá alájọ gidi ní Takie, kí wọ́n wo káàdì ẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ ṣírò ti oníbàárà mẹ́ta: ẹni tó dá ọgbọ̀n ọjọ́ pé, 14,500, ìyá olójò yẹn, ọjọ́ mẹ́wàá ló dá, 4,500, ẹni tó dá ọjọ́ kan péré, òdo. Ti òdo yìí dájà sílẹ̀ o, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá alájọ jà! Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó kọ code, tí èsì ẹ̀ ò bá bá ti inú ìwé mu, kò tíì ṣe é nìyẹn.

Git, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ téèyàn ti kọ sẹ́yìn, mi ò kọ́ wọn títí ẹnì kan fi pa fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́ tó bú sẹ́kún, lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni Git wà fún.

Ẹ gbé ti alájọ yẹn fún ọmọ yín, ẹ má là á fún un o. Tó bá lè bi yín pé "ẹni tó pa ọjọ́ jẹ ńkọ́" kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ padà wá sọ fún mi.