Kó o tó ra rọ́bọ́ọ̀tì tòkunbọ̀, lọ wọn páìpù rẹ

Àbúrò, o ní ṣé rọ́bọ́ọ̀tì ajórin tòkunbọ̀, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń dá jó irin pọ̀, lè máa bá ẹ jó àga iléèwé láàárọ̀, kó tún jó bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́sàn-án. Ó lè ṣe é. Mo ra ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Ìkìrun, l'Óṣogbo níbí. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jókòó bí ère.

Iná ló kọ́kọ́ fìyà jẹ mí. Ìlú Japan ni tèmi ti wá, fésì mẹ́ta 200 fóòtì ló ń lò. 415 ló wà lórí òpó tiwa. Ọpẹ́lọpẹ́ oníwáyà mi tó ka ara ẹ̀ kó tó so ó. Mo wá tiransifọ́mà, a tan án, ló bá ní òun ò mọ ibi tí apá òun wà. Àṣé àwọn bátìrì kéékèèké kan ló ń bá a rántí ipò oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti kú kó tó délé. A pààrọ̀ wọn, a wá ń fi rìmóòtù ẹ̀ da oríkèé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sójú àmì tí wọ́n fín sára wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. (Lọ́jọ́ mìíràn tó o bá fẹ́ pààrọ̀ bátìrì yẹn, jẹ́ kí iná ẹ̀ wà ní títàn o.)

Gbogbo ìyẹn kéré. Páìpù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n tà á. Bí páìpù bá kúrú díẹ̀, wẹ́dà á rí i, á fi iná dí i. Rọ́bọ́ọ̀tì ò lójú, àfi tó o bá ra ojú (bíi kámẹ́rà) fún un, owó ojú ọ̀hún ò sì kéré. Ibi tó o bá fi hàn án náà ló ń padà sí. Gíráíńdà lọmọ iṣẹ́ mi fi ń gé páìpù, ọ̀kan fi mìlímítà mẹ́ta gùn ju èkejì. Rọ́bọ́ọ̀tì wá ń jó afẹ́fẹ́, ó ń kọjá lọ bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan.

Bàbá tọ́nà kan, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní iléeṣẹ́ Machine Tools l'Óṣogbo níbí ló yọ mí. Ó ní kí n pa ẹ̀rọ náà tì ná. Ó fi irin tó nípọn ṣe tábìlì fún mi, ó lu ihò sí i, 50 mìlímítà géérégé láàárín ihò kan sí èkejì. Pínnì tó ń di páìpù mú sójú kan la kàn ń yọ tá a ń kì bọ ihò mìíràn. Àga ní nọ́ńbà ihò tiẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ní tiẹ̀, a fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Ibi tá a ti ń gé páìpù, a jó irin kan síbẹ̀ tí orí páìpù máa ń kàn, gígùn bá dọ́gba. Ìgbà yẹn la tó lè kúrò lórí àga bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Odindi ọjọ́ kan ni tẹ́lẹ̀.

Tábìlì yẹn ni kó o kọ́kọ́ ṣe, kódà àwọn wẹ́dà rẹ á gbádùn ẹ̀. Tó o bá wá rà á, ṣe ọgbà yí i ká, apá yẹn ò mọ ọmọ ẹni. Tó o bá ń bọ̀ l'Óṣogbo, kó páìpù mẹ́wàá táwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ gé dání, ká jọ wọ̀n wọ́n kó o tó sanwó fẹ́nikẹ́ni.