Gìtá ni àbí jìtá?

Ẹnì kan béèrè pé: "Bàbá mi ń pè é ní jìtá, olùkọ́ ẹgbẹ́ akọrin wa ń pè é ní gìtá. Èwo ló tọ̀nà? Ṣé Yorùbá tiẹ̀ ni?"

Méjèèjì tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, bó bá sì ṣe rọ ẹnu ló ṣe ń pè é. Àwọn Hausa náà ní jita, àwọn Swahili ní gitaa. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa ti wá. Àwọn náà gbà á láti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé àti àwọn ará Sípéènì tí ń pè é ní guitarra. Ẹ tọpa rẹ̀ sẹ́yìn síi, ẹ ó bá kithara lẹ́nu àwọn Gíríìkì àtijọ́. Ṣùgbọ́n kithara kì í ṣe gìtá o! Kò ní ọrùn gígùn tí ìka ń tẹ okùn mọ́. Háàpù ló fi jọ. Orúkọ rìn jìnnà, ohun tó ń jẹ́ ẹ ń yí padà. Òun náà ló di Zither ní Jámánì, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì ta.

Ẹ̀yin oníbíbélì ti pàdé rẹ̀ láìmọ̀. Níbi tí Orin Dáfídì 33:2 ti ní ká fi dùùrù yin Olúwa, kithara ló wà nínú Bíbélì Gíríìkì àtijọ́. Lónìí, ẹ dárúkọ dùùrù, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn.

Àwọn kan ní sitar, ohun èlò orin olókùn ti Íńdíà, ló bí orúkọ gìtá. Èmi ò gbà. Ọ̀rọ̀ Páṣíà tó túmọ̀ sí "olókùn mẹ́ta" ni sitar, kithara sì ti wà lẹ́nu àwọn Gíríìkì fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí sitar tó yọjú. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Bùràsílì, kó ṣọ́ra: guitarra tiwọn, oníná ni, violão ni wọ́n ń pe èyí tí kì í lo iná.

Kí gìtá tó dé, a ti ní mólò olókùn mẹ́ta, a sì ní gòjé olókùn kan tí àwọn onísákárà ń lò. Fèrè, fífọn ni. Dùùrù, títẹ̀ ni. Ìlù, lílù ni. Gìtá ní tirẹ̀, títa ni, bí ìgbà tí èèyàn ń ta ọfà. Nítorí náà, bí bàbá yín bá tún ní "ta jìtá" níwájú olùkọ́ yín, ẹ má bá wọn tún un ṣe.