Ping ń dáhùn, àmọ́ VM kò dìde: níbo ni kí n ti wá a?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Sáfà kan wà níkàáwọ́ mi tó ń lo Proxmox, ìyẹn ètò tó ń gbé VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) ró. Àwọn VM rẹ̀ wà lórí storage NFS, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì tí sáfà ń lò láti orí nẹ́tíwọ̀kì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la pààrọ̀ switch tó so sáfà àti storage pọ̀, àtìgbà náà ni wàhálà ti dé. Mo ping storage (mo fi ìsọfúnni kékeré ránṣẹ́ sí i bóyá á dáhùn), ó dáhùn. Mo rí orúkọ àwọn fáìlì. Àmọ́ tí mo bá ní kí VM dìde, ṣe ló ń há síbẹ̀. Àwọn tó wà lórí iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ti dákẹ́. Ṣé kí n pa sáfà kí n tún un tàn ni, àbí kí n yọ storage náà kí n tún un fi kún un?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹ kò bá yí i padà, "hard" ni NFS fi ń mount (ìyẹn, so storage mọ́ sáfà): iṣẹ́ tó há ń dúró de storage, ó ń gbìyànjú léraléra, kì í jáwọ́. Ohun tí VM ń kọ lọ́wọ́ ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì. Tí ẹ bá pa sáfà báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sọ ọ́ di "soft", ẹ má gbà fún un lórí dísíìkì VM. "Soft" a máa jáwọ́ láàárín ọ̀nà, fáìlì á sì bàjẹ́.

Ẹ ti dá ara yín lóhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè yín. Ping lásán lórí Linux, báìtì 56 péré ló ń gbé. Orúkọ fáìlì náà kò wúwo. Dísíìkì VM ló ń gbé ẹrù ńlá, ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá sì lè há mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù. MTU ni mo fura sí, ìyẹn ìwọ̀n báìtì tí packet (ìdì ìsọfúnni) kan kò gbọ́dọ̀ jù: bí sáfà àti storage bá wà lórí 9000, tí switch tuntun yẹn kò gbà ju 1500 lọ, ṣe ni yóò máa da packet ńlá nù, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ tẹ èyí lórí sáfà, pẹ̀lú IP (àdírẹ́sì) storage níparí rẹ̀:

ping -M do -s 8972

"-M do" ni kò ní jẹ́ kí wọ́n gé packet sí wẹ́wẹ́. 8972 jẹ́ 9000 láìsí báìtì 28 tí IP àti ICMP (ìlànà tí ping ń lò) fi ṣe orí packet. Bó bá dákẹ́ lọ, tí 1472 (ìyẹn 1500 láìsí 28) sì ń dáhùn, ọwọ́ ti bà á. Bó bá jẹ́ "message too long" ló yọ lójú ẹsẹ̀, switch kọ́. Káàdì sáfà fúnra rẹ̀ ni kò sí lórí 9000.

Bó bá jẹ́ switch ni, ẹ tan jumbo frame (àyè fún packet tó ju 1500 lọ) lórí gbogbo port tí ọ̀nà náà gbà, 9216 ni ọ̀pọ̀ switch ń pè é. Bí switch náà kò bá lè gbà á, ẹ dá sáfà àti storage padà sí 1500. Méjèèjì o, kì í ṣe ẹyọ kan.

Tí 8972 bá kọjá geere, ẹ wo ìyókù: bóyá port TCP 2049 tí NFS ń gbà ṣí (ẹnu ọ̀nà inú ètò ni èyí, kì í ṣe ihò switch), àti 111 fún NFSv3, ìyẹn NFS ẹ̀yà kẹta. Ẹ fi "ip route get" wo IP tí sáfà fi ń jáde, torí VLAN (ìpín nẹ́tíwọ̀kì lórí switch) tó yí lè mú kó gba ọ̀nà mìíràn, kí storage má sì dá a mọ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ wo dmesg, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú Linux sáfà náà. "Not responding, still trying" lẹ máa bá níbẹ̀. Tí "OK" bá ti tẹ̀lé e, àwọn VM tó dákẹ́ yẹn á máa bá iṣẹ́ wọn lọ.