Kọngílá ní kí n san ìdá 70 nínú 100 ṣáájú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé bàbá wa ní Ìjẹrù, Ògbómọ̀ṣọ́, la fẹ́ tún ṣe: òrùlé, àjà àti ilé ìwẹ̀. Kọngílá pe gbogbo rẹ̀ ní mílíọ̀nù 4 náírà, ó ní àfi kí n san ìdá 70 nínú 100 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Báwo ni kí n ṣe pín owó náà?

Ìdáhùn: Ẹ má san án, ṣùgbọ́n ẹ má tíì lé e. Ẹ ní kó ya owó ohun èlò kúrò lára owó iṣẹ́ ọwọ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀: páànù mélòó, bó ṣe nípọn tó (0.45 àbí 0.55 mílímítà), pákó mélòó, ìṣó kílò mélòó. Ẹ san owó páànù àti pákó fún àwọn tó ń tà á gan-an, kí rìsíìtì jẹ́ orúkọ yín, kí ará ilé kan máa ka ẹrù bó ṣe ń wọlé. Ibẹ̀ lowó ti ń sọnù jù: kọngílá á fi owó yín parí iṣẹ́ ẹlòmíì, á wá máa retí oníbàárà tuntun kó tó lè ra pákó yín.

Ká ní owó iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan. Ẹ fún un ní ₦200,000 lọ́jọ́ tó bá kó irinṣẹ́ dé. ₦300,000 bó bá ti kan pákó òrùlé tán. ₦250,000 lẹ́yìn páànù. ₦150,000 bí àjà àti ilé ìwẹ̀ bá parí. Ẹ di ₦100,000 mú. Àwọn kan ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N ò fara mọ́ ọn, torí ọ̀sẹ̀ á máa lọ, iṣẹ́ á dúró sójú kan. Ẹ má sì fún un lọ́rùn jù: ojoojúmọ́ ni lébìrà ń gbowó, bí àsansílẹ̀ bá kéré jù, á kó wọn lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Wọn ò gbọdọ̀ ṣí páànù kan ṣoṣo kúrò lórí ilé kí gbogbo ohun èlò òrùlé tó pé nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ilé bá ti wà láìlórùlé, pàápàá lásìkò òjò, ẹnu yín ò tólẹ̀ mọ́. Iye tó bá pè lẹ óò san, torí bí ògiri bá jẹ́ ti amọ̀, òjò mélòó kan ti tó láti bà á jẹ́.

Kí ẹ tó san ₦250,000 yẹn, ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ sórí òrùlé náà, tàbí kí wọ́n fi họ́ọ̀sì da omi sí i, kí ẹnì kan wà nínú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó fi fídíò ránṣẹ́ sí yín. Bí wọ́n bá ti kan àjà, ẹ ò ní rí ibi tó ń jò mọ́, àfi nígbà tí àjà bá ti jẹrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù ilé ìwẹ̀: kó gba omi sínú di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó lẹ tàìlì.

₦100,000 tó kù dìgbà tí òjò ńlá méjì bá ti rọ̀ tí ilé ò jò. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà pè é ní ìrẹ́jẹ. Bí owó páànù bá gbéra, ẹ̀yin lẹ ni ìyẹn. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ò gbọdọ̀ bá a gòkè. Bó bá kọ̀ láti ya ohun èlò kúrò lára iṣẹ́, ẹ wá kọngílá mìíràn.