Ṣé Àǹfààní Wà fún Aláìsàn Lọ́dọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọjọ́ kẹrin rèé tí màmá wa ti wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Láàárọ̀ àná, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà, ó sì ti sú wọn. Ṣé àǹfààní kankan wà níbẹ̀ fún màmá? Ṣé a lè kọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kí aláìsàn, kí ó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, kí ó sì tọrọ àyè kí ó tó fọwọ́ kàn án. Bí màmá bá ní ó rẹ àwọn, ìyẹn kò gbọdọ̀ dín ìtọ́jú wọn kù.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lé wọn. Ìyá àgbà kan wà ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń kọ́ni, tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí a ń fún wọn ní oògùn tí ń mú kí omi ara gba ojú ìtọ̀ jáde, síbẹ̀ tí wíwú náà kò lọ sílẹ̀. Nígbà ràùndì, ìyẹn ìgbà tí àwa dókítà ń lọ láti ibùsùn kan sí òmíràn láti yẹ àwọn aláìsàn wò, a bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn. Wọ́n ní àwọn ń lò ó, a sì kọjá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fa àga, ó jókòó tì wọ́n fún bí ìdajì wákàtí, ó ń béèrè nípa ilé àti àwọn ọmọ. Ìgbà náà ni wọ́n ká etí ìrọ̀rí sókè: hóró oògùn márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ilé ìtọ̀ jìnnà sí wọn, ojú sì ń tì wọ́n láti máa jí nọ́ọ̀sì lóru. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé wọn sún mọ́ ilé ìtọ̀, tí a sì yí oògùn náà sí àárọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo ni ìbá fi ìyẹn hàn wá?

Àkókò ni akẹ́kọ̀ọ́ ní tí àwa kì í sábà ní. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní Nàìjíríà sọ pé kí á ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú fún aláìsàn ní èdè tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì la máa ń sọ lórí wọn nígbà ràùndì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá lè padà wá bi màmá pé, “Kí ni ẹ gbọ́ pé dókítà sọ?” kí ó sì pe dókítà padà bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé wọn. Kò gbọdọ̀ yí oògùn padà, kò sì gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ sọ èsì àyẹ̀wò tí dókítà kò tíì sọ.

Ní ti àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ bá nọ́ọ̀sì àgbà tàbí olùkọ́ wọn sọ ọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni kí wọ́n yàn fún màmá, tí yóò máa bá wọn bọ̀ títí wọn yóò fi lọ sílé. Ẹ kọ ìbéèrè ẹ̀yin ọmọ sórí ìwé, kí ẹ fún un láàárọ̀ kí ràùndì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìta ni wọn yóò ní kí ẹ dúró sí nígbà náà.