Rédà ditẹ́ktọ̀ fún mọ́tò asáré: ra èyí tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́

Àbúrò mi tó ra Nissan 350Z, kú oríire o, ẹ̀mí ẹ á lò ó. O ní Tankẹ ní Ìlọrin lò ń gbé, Òmù-Àrán ni ilé yín, o sì máa ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. O wá ní ká sọ èyí tó ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn jù fún ẹ nínú àwọn rédà ditẹ́ktọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ta awakọ̀ lólobó pé ìbọn tí wọ́n fi ń wọn eré mọ́tò wà nítòsí), torí o ti rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó pẹ̀lú ìbọn rédà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń lo nǹkan wọ̀nyí nínú Mercedes SLK mi, owó mi ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

"Èwo ló ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn jù" kọ́ ló yẹ kó o kọ́kọ́ béèrè. Gbogbo èyí tó bá ti jẹ́ ojúlówó ló ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn. Irọ́ pípa ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ditẹ́ktọ̀ tó bá ń ké láti Tankẹ títí dé Post Office láìsí ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí etí ẹ á fi di sí i. Wàá máa yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wàá fi yọ wáyà ẹ̀. Ọjọ́ tó bá wá fẹ́ ké òótọ́, ó ti wà nínú pígíọ̀nhóòlù. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó ra èyí tó lè dákẹ́.

Ìbọn rédà ń tu ìgbì jáde. Ìgbì yẹn á lọ lu mọ́tò, á padà, ìbọn á wá wo bí èyí tó padà ṣe yàtọ̀ sí èyí tó jáde; ibẹ̀ ló ti ń mọ eré tí mọ́tò ń sá. Ditẹ́ktọ̀ ò ṣe ju pé kó dẹtí sí ìgbì náà lọ. Ohun tó ń jẹ́ kó lè ta ẹ́ lólobó kí wọ́n tó ka eré ẹ ni pé ìgbì ní láti lọ kó sì bọ̀ kó tó wúlò fún ẹni tó mú ìbọn dání, ṣùgbọ́n àlọ nìkan ti tó fún ditẹ́ktọ̀. Ẹni tó bá gbé tọ́ọ̀ṣì bọ̀ lóru, wàá ti rí iná ẹ̀ tipẹ́ kí òun tó fi iná náà rí ẹ.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ditẹ́ktọ̀ tó dáa ti ń wá, ọ̀nà mẹ́ta ni ìgbì yìí pín sí. X wà ní 10.525 GHz, K wà ní 24.150 GHz, Ka sì wà láàárín 33.4 àti 36 GHz (GHz ni wọ́n fi ń wọn bí ìgbì ṣe ń yára gbọ̀n). Ka kì í sábà parọ́. K ni oníjọ̀gbọ̀n, torí ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra ẹ̀ ní báńkì àti ní àwọn ilé ìtajà ńlá ń lo irú ìgbì kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń tan iná sára dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá wà níbi tí ojú awakọ̀ ò dé. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tó ní ẹ̀rọ yẹn lára pọ̀ nígboro wa báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń lo 24 GHz. (Àwọn mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ti ń sún lọ sí 77 GHz. Ditẹ́ktọ̀ ò gbọ́ ìyẹn rárá, ìyẹn sì dára fún wa.)

Mo wà nínú gósílò ní Unity Road nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ditẹ́ktọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí ké K. Ọfà tó wà lójú ẹ̀ ń tọ́ka sẹ́yìn. Mo wo dígí, Acura MDX dúdú kan ló wà nídìí mi. Nọ́mbà GHz tó ń hàn lójú ditẹ́ktọ̀ ò dúró sójú kan, á lọ sókè díẹ̀, á tún já wálẹ̀. Ìbọn rédà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́mbà tiẹ̀ máa ń dúró gbọn-in ni. Nígbà tí Acura yẹn yọrí láti yà mí sílẹ̀, ọfà kúrò lẹ́yìn, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ síwájú. Bó ṣe wọ kọ́nà tó wà níwájú, ariwo dá. Ẹni tí ditẹ́ktọ̀ tiẹ̀ ò ní ọfà, tí kò sì ń fi nọ́mbà hàn, ariwo nìkan ni ì bá gbọ́, ì bá sì máa wá ẹ̀ṣọ́ kiri lójú títì tí kò sí ẹ̀ṣọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ọfà àti nọ́mbà sí dandan. Ditẹ́ktọ̀ Valentine One ló ti ní ọfà láti ọdún 1992, èyí tí wọ́n ń pè ní Gen2 sì jáde ní 2020. Ó dáa gan-an, àmọ́ kò ní GPS (ohun tó ń mọ ibi tí mọ́tò wà) nínú ara ẹ̀, fóònù lo máa so ó mọ́. Uniden R3 ní GPS, kò ní ọfà. Uniden R7 ní méjèèjì, ó sì ní ohun tó ń sẹ́ ariwo àwọn mọ́tò bí Acura yẹn dànù. Iṣẹ́ GPS ni pé ditẹ́ktọ̀ lè há ilẹ̀kùn báńkì tó o máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá sórí, kó má ké níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń gba Taiwo àti Challenge lójoojúmọ́ máa mọ rírì ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni 350Z yẹn, R7 ni máa rà, bó tilẹ̀ tóbi ju R3 lọ, tí gíláàsì mọ́tò ẹ ò sì ga. Tówó ò bá tó, R3 náà ò ní dójú tì ẹ́, ìwọ á kàn máa fojú ara ẹ wá ibi tí ariwo ti ń wá. Má ṣe sanwó kún un nítorí àkójọ kámẹ́rà tí wọ́n máa ń polówó mọ́ ọn o, kámẹ́rà ìlú òyìnbó ni wọ́n kó síbẹ̀.

Èyí tí wọ́n kọ "16 band" àti "360°" gàdàgbà sí lára páálí ẹ̀, tí owó ẹ̀ ò ju owó ṣájà lọ, sá fún un. Mo ti ra irú ẹ̀ rí lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta nǹkan inú mọ́tò. Bí mo bá ti ṣíná mọ́tò, ó ké. Bí mo bá yí gíláàsì sílẹ̀, ó ké. A gbé e lọ síwájú ilẹ̀kùn ilé ìtajà tó ń ṣí fúnra ẹ̀, ó dákẹ́ fọ́ọ́. Ìdánwò tó rọrùn jù nìyẹn: kó o tó sanwó, ní kí wọ́n gbé e wá síwájú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ojúlówó gbọ́dọ̀ ké K níbẹ̀, kó sì fi nọ́mbà tó sún mọ́ 24.1 hàn ẹ́. Àwọn ilẹ̀kùn kan ń lo X, àwọn mìíràn ò lo rédà rárá, nítorí náà tí kò bá ké níwájú ọ̀kan, gbìyànjú òmíràn kó o tó dá a lẹ́jọ́.

Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á ni pé nǹkan méjì wà tí kò sí ditẹ́ktọ̀ tó borí wọn. Àkọ́kọ́ ni lésà, tí wọ́n tún fi ń wọn eré mọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ìgbì rédà. Ojú ò lè rí i. Tó bá rìn tó 300 mítà, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Nọ́mbà ọkọ̀ tàbí iná iwájú ni wọ́n máa ń tọ́ ọ sí, ditẹ́ktọ̀ tó wà lórí gíláàsì lè má rí nǹkan kan. Tó bá sì rí i, wọ́n ti ka eré ẹ tán. Ìkejì ni ẹ̀ṣọ́ tó mọṣẹ́. Kò ní tan ìbọn sílẹ̀. Á gbé e dání ní dídákẹ́, ó di ìgbà tó o bá dé iwájú ẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà ẹ́ níbẹ̀ ni pé kí mọ́tò mìíràn wà níwájú ẹ tí wọ́n ti kọ́kọ́ yin ìbọn sí, kí ditẹ́ktọ̀ ẹ sì gbọ́ èyí tó ta sílẹ̀ nínú ìgbì yẹn. Ibí yìí nìkan ni gbígbọ́ ọ̀nà jíjìn tó o béèrè ti wúlò fún ẹ. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo wà lójú ọ̀nà, kò sí olóbó.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí mọ́tò asáré gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ owó nù. Gíláàsì iwájú wọn dagun, òrùlé wọn sún mọ́lẹ̀, nítorí náà tó o bá gbé ditẹ́ktọ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ìdí mọ́tò tó wà níwájú ẹ ló máa máa wò. Gbé e sókè, lábẹ́ dígí àárín, kó dúró ní títọ́, kó máa wo ojú ọ̀nà níwájú àti gíláàsì ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kó má sì sí níbi tí oòrùn máa bo ojú ẹ̀. Àwọn mọ́tò Jámánì kan ní irin tín-ín-rín nínú gíláàsì iwájú láti lé ooru padà. Ditẹ́ktọ̀ tó dáa jù láyé, ó ti dití lẹ́yìn gíláàsì bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irú ẹ̀, ó ti fẹ́ dá ditẹ́ktọ̀ padà fún ẹni tó tà á fún un. A wá rí ojú ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí àárín, tó kún fún àmì tóótòòtó dúdú, tí wọn ò fi irin sí. Ibẹ̀ la lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́. Tíǹtì náà ńkọ́? Tíǹtì tí irin wà nínú ẹ̀ máa dí èyí tó ń gbọ́ ẹ̀yìn, nítorí náà bi ẹni tó bá ẹ lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì kì í fara da oòrùn Ìlọrin. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, á já bọ́ nígbà tó o bá ń wakọ̀ lọ, lórí bọ́ǹpù àkọ́kọ́ pàápàá, torí mọ́tò wọ̀nyí le. Má fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, má sì fi í síbi tí olè ti máa rí i. Ní kí rẹwáyà tó mọṣẹ́ fa iná ẹ̀ láti inú àpótí fíùsì, láti ibi tí iná ti ń kú tó o bá pa mọ́tò, kó má baà máa fa bátìrì ẹ lóru. Sàlẹ́ńsà 350Z máa ń pariwo, nítorí náà gbọ́ ohùn ditẹ́ktọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ kó o tó rà á.

Lójú ọ̀nà ilé yín, máa wo iná àwọn tó ń bọ̀. Tí dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan láti Òró tàbí Àjàṣẹ́ bá ṣẹ́ iná sí ẹ lọ́sàn-án gangan, nǹkan kan wà níwájú. Ó lè jẹ́ ẹ̀ṣọ́, ó lè jẹ́ ọkọ̀ ńlá tó ṣubú dábùú ọ̀nà, ó lè jẹ́ agbo màlúù. Ditẹ́ktọ̀ ò mọ méjì tó gbẹ̀yìn. Inú ìlú, kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin sọ. Ní títì gbọọrọ àárín ìlú sí ìlú, 80. Ní èyí tó pín sí méjì, bí Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́, 100 ni fún mọ́tò ara ẹni. Ganmọ àti Ìdòfìàn kún fún ọmọ iléèwé àti ọ̀kadà tó ń já láti ẹ̀gbẹ́, ó sì ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ẹni tó ń fi 120 gba ibẹ̀ kọjá nítorí pé ditẹ́ktọ̀ ẹ̀ dákẹ́. Owó ìtanràn eré àsápajúdé tí mo mọ̀ lọ́dọ̀ FRSC jẹ́ ₦3,000. Ditẹ́ktọ̀ tó dáa wọ́n ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Tó bá jẹ́ owó ìtanràn nìkan lò ń sá fún, fi owó yẹn ra táyà tuntun àti bíréèkì, torí táyà tó bá 350Z tòkunbọ̀ wọlé kì í sábà jẹ́ tuntun.

O ní ẹ̀gbọ́n ẹ tó wà ní Virginia ló máa bá ẹ rà á. Sọ fún un pé wọn ò gbà á láyè nínú mọ́tò ní Virginia, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Washington D.C., nítorí náà kó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ tààrà sí ẹni tó ń bá yín kẹ́rù láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Kó o tó ní kó sanwó, ya fọ́tò gíláàsì iwájú ẹ láti ìta, ní ìdí dígí àárín, kó o fi hàn wá síbí, ká lè bá ẹ wò ó bóyá R7 máa jókòó síbẹ̀ láìdí ẹ lójú.